Kí ẹ tó buwọ́ lu bébà: bí ará Ìkòròdú ṣe lè yẹ àtúnṣe òfin káńsù wò

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, lápá Ìgbógbó, ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni mítìn wa tó kọjá, níbi tí ẹnì kan ti gbé bébà kan kalẹ̀ lórí tábìlì tó ní ká jọ̀ọ́ ká bá òun buwọ́ lù ú, pé àwa ará àdúgbò yìí fara mọ́ ọn kí LCDA wa, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀, di ìjọba ìbílẹ̀ gidi. Àwọn èèyàn ti ń wá bírò nínú àpò. Mo wá béèrè pé òfin tí a fẹ́ fara mọ́ náà dà? Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹni tó gbé bébà wá ní òun náà ò tíì rí i, wọ́n kàn ní kóun gba orúkọ wá ni.

Mi ò bá a jà o, torí èmi náà ti kó sínú irú ẹ̀ rí. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo buwọ́ lu bébà kan níbi ìpàdé tí káńsù kan pè, mo rò pé orúkọ àwọn tó wá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, àfìgbà tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbọ́ pé àwa "aṣojú àdúgbò" ti gbà kí wọ́n fowó kún owó ìsọ̀ lọ́jà. Ìyàwó mi sì ní ìsọ̀ nínú ọjà yẹn. Ẹ wo bí ilé ṣe máa rí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí. Kò gba lọ́yà. Ẹ wá ìwé ńótù kan, bírò méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, owó fọ́tókọ́pì, àti sùúrù o, torí ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwé tí wọ́n fẹ́ yí

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ní àwọn ìlú kan l'Amẹ́ríkà, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní charter, bí ìlú ṣe máa ṣèjọba ara ẹ̀ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ yí i, ó sábà máa ń di ohun tí aráàlú dìbò lé lórí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, tiwa pín sí ojú mẹ́ta.

Èyí tó ga jù ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999. Abala 7 ló ní ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú fìbò yàn gbọ́dọ̀ wà, abala 3 ló sọ iye tí wọ́n jẹ́, abala 8 ló sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dá tuntun sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé aṣòfin Èkó ń ṣe ní Aláùsá, òun ló ń to bí káńsù ṣe máa rí àti iṣẹ́ tó máa ṣe. Ìkẹta ni báíláà tí káńsù fúnra ẹ̀ ń ṣe, owó ìsọ̀, owó páàkì, àwọn nǹkan báyẹn. Ìwé òfin CDA tiwa náà wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀, ìyẹn ò le, mítìn méjì ti tó láti yí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ohun tí ẹnì kan ń pè ní "àtúnṣe" lè jẹ́ méjì tó ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé aṣòfin Èkó pe ìpàdé ìtagbangba lórí òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun ti ìpínlẹ̀. Lọ́dún 2025, àbádòfin mìíràn wà níwájú ilé aṣojú-ṣòfin l'Àbújá, ìyẹn ní kí LCDA 37 tí Èkó ní di ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kí iye ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà kúrò ní 774 kó di 811. Ilé méjì, ìwé méjì, àmọ́ lórí WhatsApp àdúgbò wa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "LCDA ti fẹ́ di local gidi o, ẹ bá wa yọ̀". Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó gbé bébà wá pé: ti Àbújá ni àbí ti Aláùsá? Tí ò bá mọ̀, ẹ fún un láyè kó lọ béèrè wá, kẹ́ ẹ sì gba bírò yín padà.

Ẹ wá ìwé náà gan-an

Fóìsì nóòtì kì í ṣe òfin. Àwòrán tí ẹnì kan kọ kókó márùn-ún sí lára kì í ṣe òfin. Àbádòfin gan-an lẹ fẹ́, tó ní nọ́ńbà lórí, tó ní abala 1, abala 2.

Ìkòròdú ní aṣòfin méjì ní Aláùsá, Ìkòròdú kìíní àti Ìkòròdú kejì, a ní aṣojú-ṣòfin kan l'Àbújá, àwa pẹ̀lú Ẹ̀pẹ́, Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, Kóṣọfẹ́ àti Ṣómólú la jọ ní sẹ́nétọ̀ kan. Ẹ lọ sí òfíìsì wọn ní àdúgbò, ẹ lọ ní àárín ọ̀sẹ̀ láàárọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìrẹsì torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn yín. Tí wọ́n bá ń sọ pé ẹ lọ ẹ bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 wà nílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí wọ́n tẹ sítáńbù sórí èyí tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé.

Tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má kà á lórí fóònù, ojú fóònù kì í jẹ́ kéèyàn rí abala méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sábà máa ń ní ìpínrọ̀ kékeré kan tó ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn máa ń dùn létí, àmọ́ kì í ṣe ara òfin. Ẹ fi bírò fa igi sí i lára kó má bàa tàn yín.

Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé ńótù

Apá òsì, òfin tó wà nílẹ̀. Apá ọ̀tún, ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, lọ́rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá nísàlẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ọwọ́ tó ń kọ ọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí a ṣe hàn yín. Èmi àti bàbá kan, lánlọ́ọ̀dù tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé wọn. Òfin tó wà nílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 768 ló wà ní àwọn ìpínlẹ̀, mẹ́fà tún wà l'Àbújá, ìyẹn ló di 774, orúkọ wọn sì wà nínú àlẹ̀mọ́ kìíní lẹ́yìn ìwé. Bàbá fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ Èkó sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Agége, Ajéròmí-Ifẹ́lódùn, Alímòṣọ́, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Wọ́n dé Ìkẹjà, wọ́n dé Ìkòròdú, wọ́n dé Kóṣọfẹ́, ìka dúró. Wọ́n padà sókè. "Akọ̀wé, Ìjẹdẹ̀ dà? Ìgbógbó wa dà?" Mo ní kò sí níbẹ̀ sà. Wọ́n yọ gíláàsì ojú, wọ́n fi etí bùbá nù ún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti Agége.

Orúkọ ogún ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìkòròdú kan ṣoṣo. Àwa táa wà n'Íkòròdú sì ń rí káńsù mẹ́fà lójúmọ́: Ìkòròdú fúnra ẹ̀, Ìkòròdú North l'Odògúnyán, Ìkòròdú West l'Òwutù, Ìgbógbó-Bàyẹ̀kú, Ìjẹdẹ̀ àti Ìmọ̀ta. Láti 2003 tí Èkó ti dá LCDA sílẹ̀ ni márùn-ún nínú wọn ti wà, wọ́n ní alága, wọ́n ní káńsílọ̀, wọ́n ní mọ́tò tó ń fọn fèrè, èèyàn tó bá dàgbà sínú ẹ̀ ò lè mọ̀ pé Àbújá ò mọ̀ wọ́n nínú ìwé. Bàbá ní àwọn ti lo ọdún márùndínlógójì nídìí iṣẹ́ ìjọba, àwọn ò ṣí ojú ewé yẹn rí.

Ẹ wá ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Òfin wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lè yí gbogbo ẹ̀. "Shall" túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ṣe é. "May" túmọ̀ sí pé tó bá wù ú. Ká sọ pé apá òsì ní káńsù shall pe aráàlú jọ kó tó gbé owó tuntun kalẹ̀, apá ọ̀tún wá ní ó may pè wọ́n, wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ yín nìyẹn, wọn ò sì pariwo. "Notwithstanding" náà tún wà, ìyẹn ni pé ohunkóhun tí òfin yòókù ì báà sọ, èmi ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ fi bírò pupa yí i po, kẹ́ ẹ wá òfin yòókù tó fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. "In consultation with" sì ni pé yóò bi yín, kò sọ pé yóò gbọ́ ti yín o.

Ẹ mú nǹkan kan ládùúgbò, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lóye gbogbo òfin lẹ́ẹ̀kan, orí á fọ́ yín. Ẹ mú nǹkan kan. Àlẹ̀mọ́ kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, páàkì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, nọ́ńbà ilé, ọmọlanke, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, kíósì, títí kan bèkárì àti ilé alágbàfọ̀. Ará Bàyẹ̀kú tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun, ẹ tẹ̀ lé ọkọ̀. Lánlọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ lé gọ́tà.

Àwa tẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, torí màmá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ nínú CDA wa. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé abala yìí abala yẹ̀n, màmá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta jáde, pínǹkì kan, yẹ́lò kan, èyí tó kẹ́yìn ti fẹ́ẹ̀ funfun tán, òróró ẹja ti mu ún débi pé a ò lè ka orúkọ tó wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ kan náà, ẹrù kan náà, láti etí omi dé ìsọ̀. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, gbogbo gírámà yẹn mo gbọ́. Tó bá di ìjọba ìbílẹ̀ gidi, ṣé mẹ́ta yìí máa di ọ̀kan, àbí ó máa di mẹ́rin?"

Nínú gbogbo ọ̀gá tó ti wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó tó bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ sínú ìwé ńótù. Apá òsì: káńsù ló ni ọjà àti páàkì. Apá ọ̀tún, níbi ti Àbújá: orúkọ tuntun ni wọ́n fẹ́ fi kún, wọn ò sọ ohunkóhun nípa tíkẹ́ẹ̀tì. A kọ "kò sọ" gàdàgbà síbẹ̀. Ó wá túmọ̀ sí pé òfin ti Aláùsá àti báíláà ló máa dáhùn ti màmá, ibẹ̀ ló yẹ ká lọ gbéjà kò wọ́n, kì í ṣe Àbújá. Tí a bá buwọ́ lu bébà ọjọ́ yẹn pẹ̀lú èrò pé ó máa tán wàhálà ọjà, orúkọ wa la bá fi tọrẹ.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan méjì tàbí mẹ́ta, kó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé "kò sọ" máa pọ̀ ju "ó sọ" lọ.

Ọ̀rọ̀ owó

Ibí ni kẹ́ ẹ jókòó tì dáadáa, torí ibí ni gbogbo wọn ń lọ.

Nígbà tí Èkó dá LCDA 37 yẹn mọ́ ogún tó wà nílẹ̀, tó di 57, ìjọba àpapọ̀ nígbà ayé Ọbásanjọ́ ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró lọ́dún 2004. Èkó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní December 2004 ilé ẹjọ́ ní ààrẹ ò lágbára láti dá owó náà dúró, àmọ́ wọ́n tún ní àwọn káńsù tuntun náà ò tíì pé, àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tiwọn. Bí ọmọ tí wọ́n bí tí wọn ò tíì sọ lórúkọ ló rí. Pẹ̀lú ìdájọ́ náà o, owó ò wá, ọdún 2007 tí Yar'Adua di ààrẹ ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù nígbà yẹn lè sọ ìyókù fún yín.

Láti ìgbà náà, orúkọ ogún ni owó Àbújá fi ń wá, ó ń gba inú àkáǹtì àpapọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní abala 162 ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in kan 57. Ó wá di July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí ìpínlẹ̀ yọwọ́. Gbogbo èèyàn yọ̀, èmi náà yọ̀, mo tiẹ̀ ra mínírà fáwọn ọmọ. Alẹ́ ni mo tó ronú kàn án: tààrà sọ́dọ̀ ta ni? Orúkọ Ìkòròdú ló wà nínú ìwé. Ìgbógbó-Bàyẹ̀kú ńkọ́? Ìmọ̀ta ńkọ́? Tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn bó ṣe wà, káńsù márùn-ún n'Íkòròdú máa máa wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn nìyẹn. Ìdí gidi tí àtúnṣe ti Àbújá fi ṣe pàtàkì nìyí, kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù iwájú òfíìsì.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó orí ọjà (VAT) tó ní ìpín tiẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà pátá 20.60. Tí 774 bá di 811, 20.60 yẹn ò kúrò lójú kan. Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni, abọ́ ló pọ̀ sí i. Ohun tó máa kún ti Èkó máa yọ lára ti ẹlòmíì. Kánò ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, Jigawa tó jáde lára ẹ̀ lọ́dún 1991 ní 27, àpapọ̀ wọn 71, Èkó ní 20. Ẹ̀tọ́ wa ni ká sọ pé ìyẹn ò bára mu, mo sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí abọ́ wọn máa fúyẹ́ yẹn náà ló máa dìbò: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Tí àtúnṣe náà bá kan abala 8 gan-an, ó tún le jù bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilé méjèèjì ni. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ti parí, tó ní kẹ́ ẹ máa dá owó aṣọ ẹbí, ẹ bi í pé ìpínlẹ̀ mélòó ló ti fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní ká má gbà rárá, pé owó oṣù àwọn olóṣèlú ló máa pọ̀. Ìyẹn náà ò péye. July 12, 2025 tí a dìbò káńsù, 57 la dìbò fún, alága àti káńsílọ̀ ti wà nílẹ̀, à ń sanwó wọn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìbéèrè tó dáa jù ni pé, nínú owó tó ń wọlé, mélòó ló kù fún gọ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù tán? Ẹ béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù yín, lẹ́tà kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méje kan náà.

Ibi tí ìbò tiwa wà

Abala 8 sọ ọ̀nà ìdásílẹ̀ tààrà. Àwọn aṣòfin àti káńsílọ̀ agbègbè tó ń béèrè gbọ́dọ̀ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta bèèrè fún un, kí aráàlú agbègbè náà dìbò "a fẹ́" tàbí "a ò fẹ́", ìdá méjì nínú mẹ́ta náà ló gbọ́dọ̀ fẹ́, kó tó padà lọ sọ́dọ̀ àwọn káńsù yòókù ní ìpínlẹ̀ àti ilé aṣòfin Aláùsá, kó tó kan Àbújá. Tí wọ́n bá gba ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n kàn fẹ́ fi orúkọ kún àlẹ̀mọ́, ẹ béèrè pé ìbò aráàlú ńkọ́, wọ́n fò ó ni àbí wọ́n ti ṣe é? Mo fẹ́ kí Ìgbógbó-Bàyẹ̀kú wà nínú ìwé o, mi ò fi bò, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n bi mí.

Kẹ́ ẹ tún béèrè àwọn tó kù, kíá kíá: ààlà wa dé ibo, odò wo, òpópónà wo? Ta ló ni gbèsè tí káńsù àtijọ́ jẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ta ló máa jókòó sórí àga kí ìbò tó wáyé? Ọ̀rọ̀ ààlà yẹn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, àwọn tó wà létí Ògíjó mọ ohun tí mò ń sọ, èèyàn á jí l'Ékòó á fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì n'Ípínlẹ̀ Ògùn.

Mítìn

Ẹ má ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀ tí lánlọ́ọ̀dù mẹ́fà máa pinnu fún àdúgbò. Ẹ pe àwọn ayálégbé, àwọn náà ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn náà ń fẹsẹ̀ gba inú gọ́tà. Ẹ ka apá òsì àti apá ọ̀tún sókè ní Yorùbá, tí Ẹ̀gùn tàbí Ìlàjẹ bá wà láàárín yín, kí ẹnì kan bá wọn túmọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ò fẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí tí àwọn tó fẹ́ ẹ bá ti pàtẹ́wọ́ tán, ẹnu máa ń wúwo. Mítìn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má pe olóṣèlú kankan, kódà èyí tó jẹ́ ọmọ yín. Ìkejì ló lè wá, kó wá dáhùn àwọn "kò sọ" yín.

Ẹ má sì dìbò lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sùn lé e lórí. Níbi tiwa, àwọn mẹ́rin yí ọkàn padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, méjì lọ síwájú, méjì lọ sẹ́yìn.

Mẹ́mò

Èyí ni bébà tẹ́ ẹ máa kọ èrò yín sí fún ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Ojú ewé kan, ó pọ̀ jù méjì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gbogbo oyè tí ọlọ́lá ní, ó máa jẹ ìdajì bébà. Ẹ kọ nọ́ńbà àbádòfin, ẹ kọ abala tẹ́ ẹ ń sọ, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn kì í ṣe. "A ò fara mọ́ abala kẹsàn-án" ò tó, ẹ ní "ní abala kẹsàn-án, ẹ yọ may, ẹ fi shall síbẹ̀". Akọ̀wé ìgbìmọ̀ lè mú ìyẹn lọ tààrà. Kí alága CDA, akọ̀wé, aṣojú obìnrin àti aṣojú ayálégbé buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ so orúkọ àwọn tó wá sí mítìn mọ́ ọn, pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà lórí pé orúkọ àwọn tó wá nìyí, kì í ṣe orúkọ àwọn tó gbà. Ẹ mọ ìdí.

Ọjọ́ ìpàdé ìtagbangba, tó bá jẹ́ Aláùsá, ẹ kúrò n'Íkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ l'Ójọ̀ọ́ta, ẹ wọ mọ́tò Aláùsá níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á wa mọ́tò ara òun jáde lágogo méje, Mile 12 ló máa ti ka mẹ́mò yẹn tán. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, nítorí náà ẹ mú kókó kan ṣoṣo sọ, ìyókù wà nínú bébà. Tiwa, màmá ẹlẹ́ja la fẹ́ rán, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wọn, wọ́n ti gbà, wọ́n ní kìkì pé kí ọjọ́ náà má bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

Tẹ́ ẹ bá ti fi sílẹ̀ tán

Ẹ máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ìpàdé ìtagbangba, ìgbìmọ̀ á gbé àbọ̀ wá, wọ́n á kà á nígbà kẹta, àwọn ọ̀rọ̀ sì máa ń yí padà láàárín méjèèjì. Ẹ gba èyí tó jáde gbẹ̀yìn, ẹ tún fi wé apá ọ̀tún yín. Ti Aláùsá, gómìnà ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́. Ti Àbújá, ẹ la ìlà 36 sí ẹ̀yìn ìwé ńótù, kẹ́ ẹ máa sàmì sí ìpínlẹ̀ tó bá ti dìbò.

Ìwé ńótù tiwa wà lọ́dọ̀ mi, ilé tí wọ́n kùn ní búlúù lójúkojú bọ́ọ̀hóòlù, ẹnikẹ́ni nínú CDA lè wá wò ó lẹ́yìn agogo márùn-ún. Ojú ewé kejìlá ni tíkẹ́ẹ̀tì màmá wà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, ó ṣì ń rùn bí ẹja. Ojú ewé tó kọjú sí i ṣófo, ẹni tó gbé bébà wá lọ́jọ́sí ló sọ pé òun á mú ìdáhùn wá sí mítìn tó ń bọ̀.